Ta Ni A Lè Pè Ní Ẹni Tí Ó Gbọ́ Orin?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ọ̀ràn ọgbọ́n àti ìwà ni a sábà máa ń pa á sí. Ṣùgbọ́n ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ kí a fi òwe náà yẹ ọ̀ràn mìíràn wò lónìí, èyí tí ó kan etí gan-an. Àwọn ènìyàn kan wà láyé òde òní tí ó jẹ́ pé àbọ̀ ohùn nìkan ni ó ń wọ etí wọn. Adití ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ abẹ ti fi ẹ̀rọ kékeré kan sí inú etí wọn, ẹ̀rọ náà sì ń mú kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá kọrin, ohun tí wọ́n ń gbọ́ kì í ṣe ohun tí èmi àti ìwọ ń gbọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ wá ìdáhùn sí ni èyí: ǹjẹ́ a lè sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ orin? Ta sì ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹjọ́ náà?

Kí a tó lè dá ẹjọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí ẹjọ́. Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè dé, ihò kan wà tí ó ká bí ìkarahun ìgbín. Omi ni ó kún inú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín tí ó tó bí 15,000 sì tò sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ìró bá wọlé, omi náà a mì, irun wọ̀nyí a sì mì pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ohùn tínrín tí ó lọ sókè máa ń mì. Àwọn tí ó wà ní ìkángun lọ́hùn-ún ni ohùn tí ó wálẹ̀ máa ń mì. Bí wọ́n ti ń mì ni wọ́n ń rán iṣẹ́ sí iṣan tí ó lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ a sì mọ̀ bóyá fèrè ni ó dún tàbí ìyá ìlù.

Bí àwọn irun wọ̀nyí bá kú, ìbáà ṣe nípa àìsàn, tàbí nípa oògùn líle kan, tàbí nípa ariwo àpọ̀jù, wọn kì í tún hù mọ́. Ẹ̀rọ tí mo ń wí yìí kì í jí wọn dìde. Ńṣe ni ó ń gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Apá kan rẹ̀ wà ní ìta, lẹ́yìn etí. Apá yìí ni ó ń gba ìró. Kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ a pín ìró náà sí ọ̀nà mélòó kan, a sì ta á látaré gba awọ orí kọjá sí apá kejì tí a fi pamọ́ sábẹ́ awọ. Láti ibẹ̀ ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wọ inú ìkarahun etí lọ. Ojú iná mànàmáná wà lára okùn náà, láti 12 títí dé 22, wọ́n sì ń fi iná díẹ̀díẹ̀ ta iṣan náà jí. Rò ó wò: iṣẹ́ tí 15,000 ń ṣe ni a gbé lé nǹkan bí ogún lọ́wọ́. Nítorí pé iná náà a sì máa tàn káàkiri nínú omi etí, ojú kan a máa dí èkejì lọ́wọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí iye tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ti gidi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kì í fi í ju bí mẹ́jọ lọ.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni a dé ibẹ̀. Ní ọdún 1957, ní ìlú Paris, Djourno àti Eyriès fi iná mànàmáná ta iṣan etí adití kan jí, ọkùnrin náà sì gbọ́ ìró. Ní ọdún 1961, William House bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ọmọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Graeme Clark ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó di oníṣègùn etí. Ohun tí ó dà á láàmú ni bí òun yóò ṣe ki okùn wọ inú ihò tí ó ká bẹ́ẹ̀ láì ba nǹkan jẹ́. Ní ọdún 1977, ní etí òkun, ó mú ìkarahun kan, ó já ewé koríko, ó sì ń ki ewé náà bọ inú ìkarahun. Ó rí i pé ewé tí orí rẹ̀ rọ̀, tí ìdí rẹ̀ sì le, ni ó ń wọlé jìnnà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1978, ní ìlú Melbourne, ó fi ẹ̀rọ olójú púpọ̀ sí etí ọkùnrin kan tí ó ti di adití. Lónìí, àwọn tí a ti fi irú ẹ̀rọ yìí sí etí wọn ní gbogbo ayé ti ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a ṣe ẹ̀rọ yìí fún, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́nà ìyanu. Níbi tí ariwo kò bá sí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lò ó lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láì wo ẹnu rẹ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n orin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù kò ṣòro fún wọn: bí o bá pàtẹ́wọ́, bí o bá lu agogo, wọ́n lè jó sí i bí ẹnikẹ́ni. Bí ohùn orin ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ ni ó ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tẹ ojú dùrù méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní lè sọ èyí tí ó ga ju èkejì lọ. Mú orin tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré, yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò, kí o máa fi imú kùn ún. Bí ìlù rẹ̀ kò bá yàtọ̀, ó lè ṣòro fún wọn láti dá a mọ̀. Ohùn fèrè àti ti gòjé lè dàpọ̀ mọ́ wọn létí. Bí ohùn púpọ̀ bá sì pàdé, bí ti ẹgbẹ́ akọrin, gbogbo rẹ̀ lè di ariwo kan ṣoṣo.

Jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan. Ogún ọdún ni ó fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àìsàn mú un, etí rẹ̀ méjèèjì sì di pátápátá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a fi ẹ̀rọ sí i. Nígbà tí ó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ilé ìsìn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ dìde, wọ́n sì kọ orin tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń dá fún wọn rí. Ohun tí ó gbọ́ dà bí ìgbà tí a ń mi agolo tí òkúta wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ̀gbà yí i ká. “Ìyá Àìná, ẹ kú oríire o! Ẹ ti ń gbọ́ orin wa báyìí, àbí?” Ó wo ojú wọn, ó rí ayọ̀ tí ó wà níbẹ̀, ó sì dáhùn pé, “Mo ń gbọ́ ọ dáadáa, a dúpẹ́.” Òtítọ́ kọ́ ni ó sọ. Ta ni ó sọ ọ́ di òpùrọ́?

Mo bẹ̀ ọ́, dúró lórí ìbéèrè yìí díẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn búburú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pinnu ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́ kí wọ́n tó bi í, ìbéèrè wọn kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ju ìdáhùn kan lọ. Ayọ̀ tiwọn ni ó dí i lẹ́nu. Èyí ni àṣìṣe kìíní tí a máa ń ṣe: a máa ń sọ fún ẹni tí ó rí àbọ̀ gbà pé kí ó máa dúpẹ́ bí ẹni tí ó rí odidi. “Ṣebí lánàá ìwọ kò gbọ́ nǹkan kan?” Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í pa ìbànújẹ́ rẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹkún àti ìríran lè wà ní ojú kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpẹ́ fún ohun tí a rí gbà, àti ọ̀fọ̀ ohun tí a kò rí gbà padà, lè jọ gbé inú ọkàn kan.

Àṣìṣe kejì ni ti ẹni tí ó ka ohun tí mo kọ sókè yìí tán, tí ó mi orí, tí ó sì wí pé, “Ó mà ṣe o! Ariwo lásán ni wọ́n ń gbọ́, kì í ṣe orin.” Àánú ni ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n irú àánú bẹ́ẹ̀ a máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣàánú. Èyí ni ó léwu ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ó jọ òtítọ́. Jẹ́ kí a wò ó bóyá òtítọ́ ni.

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọ̀ràn yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí ọ. Nínú èdè wa, ohùn ni ó ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, òun náà ni ó ń ya ọkọ̀ kúrò lára ọ̀kọ̀. Àyàn mọ èyí dáadáa. Nígbà tí ó bá gbé dùndún kọ́ èjìká, tí ó ń fún ọṣán rẹ̀ tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́, kò sí kọ́ńsónáǹtì, kò sí fáwẹ̀lì nínú ohun tí ó ń jáde. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni, pẹ̀lú bí ìlù ṣe ń yá tàbí tí ó ń falẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Síbẹ̀ ọba yóò gbọ́ oríkì rẹ̀, orí rẹ̀ yóò sì wú. Kí ni ó sọ àbọ̀ yẹn di odidi? Ìmọ̀ tí ó ti wà nínú ẹni tí ń gbọ́ ni. Àlejò tí kò mọ oríkì náà rí, tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dídún lásán ni òun gbọ́, bí etí rẹ̀ tilẹ̀ pé ṣánṣán.

Wàyí o, wo ẹ̀rọ etí: òdìkejì ìlù gan-an ni. Ìlù ju kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì nù, ó sì mú ohùn. Ẹ̀rọ ń mú kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, ohùn ni ó sì ń bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ṣáínà tí ń lò ó, tí èdè tiwọn náà jẹ́ èdè olóhùn, fi ń ní ìṣòro láti fi ohùn nìkan ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Yorùbá tí ó bá ń lò ó kò lè ṣàì bá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n bí a bá wí fún un pé kí ó fi ọkọ́ kọ ebè, ọkàn rẹ̀ yóò sọ fún un pé kì í ṣe ọkọ̀ ni à ń wí, nítorí pé kò sí ẹni tí ń fi ọkọ̀ kọ ebè. Ọkàn ni ó ń parí iṣẹ́ tí etí bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá sọ pé ìlù kò sọ̀rọ̀ nítorí pé àbọ̀ ni ó gbé wá, kí ni ìdí tí a ó fi sọ pé ẹni yìí kò gbọ́ orin nítorí pé àbọ̀ ni ó dé etí rẹ̀? Má sì ṣe gbàgbé pé etí tìrẹ pàápàá kò gbọ́ ohun gbogbo. Ajá a máa gbọ́ ìró tí ó lọ sókè ju èyí tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ lọ. Bí ajá bá lè sọ̀rọ̀, bóyá yóò máa ṣàánú rẹ pé àbọ̀ ayé ni o ń gbọ́.

Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó já fáfá lè bi mí pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò tún sí òtítọ́ nínú orin mọ́ ni? Bí ẹnì kan bá ṣi ohùn gbà, ṣé a kò ní lè sọ pé ó ṣì í?” Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀ràn méjì ni ó wà níhìn-ín, a kò sì gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni ohun tí ó dún. Ohùn yìí ga ju tọ̀hún lọ, tàbí kò ga jù ú lọ. Ọ̀ràn yìí kò sí lọ́wọ́ bí ó ti rí lára ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń lo ẹ̀rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ pé òun kò lè ya àwọn ohùn náà sọ́tọ̀. Èkejì ni ohun tí dídún náà ṣe nínú ẹni tí ó gbọ́ ọ: bóyá ó mú un jó, bóyá ó rán an létí ìyá rẹ̀, bóyá ó tù ú nínú tàbí ó sú u. Nínú ọ̀ràn kejì yìí, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ó wà, a kò sì gbọdọ̀ dá ẹjọ́ láì gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀. Bí ó bá wí pé, “Orin ni mo gbọ́, ó sì dùn mọ́ mi,” ta ni ìwọ tí o ó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí ó bá sì wí pé, “Kò dùn mọ́ mi, ẹ bá mi pa á,” ẹ̀rí náà ni ìyẹn pẹ̀lú.

Ẹ̀rí wọn kì í sì í bára mu. Ẹni tí ó ti gbọ́ orin fún ọ̀pọ̀ ọdún kí etí rẹ̀ tó di a máa fi ti òní wé ti àná, ìfiwéra náà a sì máa dùn ún. Ọmọ tí a bí ní adití, tí a fi ẹ̀rọ sí ní kékeré, kò ní àná tí yóò fi ṣe ìfiwéra. Orin tí ẹ̀rọ gbé wá fún un ni orin tí ó mọ̀; ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọrin tí ó sì ń jó tayọ̀tayọ̀, bí ohùn wọn kò tilẹ̀ gún régé.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù lọ ni làálàá tí àwọn kan nínú wọn ń ṣe nítorí orin. Òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Michael Chorost. Kò gbọ́ràn dáadáa láti ìgbà tí a ti bí i, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Boléro, orin tí Ravel ará Faransé kọ ní ọdún 1928. Ní ọdún 2001, ìwọ̀nba tí ó ń gbọ́ náà tán, a sì fi ẹ̀rọ sí i. Nígbà tí ó tún gbọ́ Boléro, àwọn fèrè inú rẹ̀ kò jọ fèrè mọ́. Kò ká ọwọ́ gbera. Ó ń lọ bá àwọn onímọ̀ tí ń ṣe àtúnṣe sí ìlànà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá ti ṣe tuntun, orin kan náà ni yóò fi dán an wò. Ní ọdún 2005, ó kọ ìròyìn rẹ̀ pé orin náà ti ń padà bọ̀ sípò. Àwọn mìíràn kò ní irú àǹfààní yìí, ṣùgbọ́n wọ́n a jókòó nínú yàrá tí ó dákẹ́, wọ́n a mú orin kan tí ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú, wọ́n a sì máa gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́túngbọ́ fún oṣù púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Fún àwọn kan, orin náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde láti inú ariwo. Fún àwọn mìíràn kò yọ, a kò sì gbọdọ̀ sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè: orin tí o ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, mélòó nínú rẹ̀ ni o tíì jókòó tì bẹ́ẹ̀ rí?

Ó ku àwọn kan tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé, àwọn adití tí kò fẹ́ ẹ̀rọ náà rárá. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i ní ọdún 1990 pé a lè fi sí etí ọmọdé, ẹgbẹ́ àwọn adití ilẹ̀ náà takò ó ní ọdún 1991. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe aláìsàn, pé èdè tí àwọn ń fi ọwọ́ sọ jẹ́ èdè pípé. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ náà rọ ohùn rẹ̀, ó sì gbà pé olúkúlùkù lè yan èyí tí ó wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni orin kò sì jẹ́ ti etí nìkan. Evelyn Glennie, obìnrin ará Scotland, ti di adití kí ó tó pé ọmọ ọdún 13. Síbẹ̀ onílù tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé ni. Láì wọ bàtà ni ó sábà máa ń lùlù, kí ó lè fi ẹsẹ̀ gbọ́ bí ìlù ṣe ń mi ilẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún un pé kò gbọ́ orin, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a tún yẹ̀ wò.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí o bá pàdé ẹni tí ó ní ẹ̀rọ lẹ́yìn etí, má ṣe kọ́kọ́ bá a yọ̀, má sì ṣe kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn. Bi í, “Báwo ni ó ṣe ń rí létí yín?” Lẹ́yìn náà, dákẹ́ kí o gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin, ìbáà dùn mọ́ ọ, ìbáà má dùn mọ́ ọ. Bí rédíò bá ń ké, dín in kù. Bí ẹ bá fẹ́ kọrin, jẹ́ kí òun mú orin tí ó bá fẹ́. Ohun kékeré ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀rẹ́ Ìyá Àìná bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìbá ti sọ òtítọ́ fún wọn, bóyá wọn ìbá sì ti bá a wá orin kan tí ó rọrùn, kí ẹnì kan ṣoṣo máa fi kọ́ ọ ní ohùn, títí etí rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n.

A ti wí i níbẹ̀rẹ̀ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ẹni tí ń lo ẹ̀rọ ń gba àbọ̀ ohùn, ó sì ń fi sùúrù àti ìrántí sọ ọ́ di odidi gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín àwọn akọrin, tí ó wí pé òun ń gbọ́ dáadáa, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni òun náà sọ fún wa. Ìyókù wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti jẹ́ ọmọlúwàbí tí àbọ̀ náà yóò di odidi nínú rẹ̀.